Ẹ Yéé Ka Igi Lọ́jọ́ Ìgbìn

Pátákó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde kan sí i, wọ́n kọ ọdún tí wọ́n jáde, wọ́n sì kọ iye igi eucalyptus tí wọ́n fi ta ilé ẹ̀kọ́ lọ́rẹ. Pátákó náà ṣì dúró digbí. Igi kan ṣoṣo ò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbìn wọ́n. Ìparí oṣù kẹsàn-án ni. Wọ́n pín tí-ṣáàtì funfun fún wa, wọ́n pín ìrẹsì àti omi tútù, a ya fọ́tò títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀. Èmi fúnra mi gbẹ́ kòtò mẹ́ta. Àwọn ọmọ igi náà ga, wọ́n tutù yọ̀yọ̀, wọ́n wu ojú. Nígbà tí a fi máa padà dé láti ìsinmi Kérésì, wọ́n ti gbẹ bí ọwọ̀. Ẹnì kan ní ewúrẹ́ ló jẹ wọ́n. Irọ́ ni. Ewúrẹ́ kì í fẹ́ jẹ ewé eucalyptus, nítorí òórùn epo inú rẹ̀. Ewé wọn ṣì wà lórí igi, ó kàn ti pọ́n, ó ti gan ni. Kò sí ewúrẹ́ tí a lè dá lẹ́bi.

Ní báyìí mo tún gbọ́ pé ẹgbẹ́ mìíràn ti ń dáwó jọ fún irú ètò kan náà, pátákó náà sì ti wà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ ọ́. Ìdí nìyí tí mo fi gbé kálàmù. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi yóò bí àwọn kan nínú, pàápàá ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí owó ń ti àpò yín jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bínú.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Kì í ṣe ọ̀dá ló pa àwọn igi yẹn. Àwa la pa wọ́n. A ti ń pa wọ́n láti inú nọ́sìrì, kí wọ́n tó fojú kan oko rárá. Ìwé ìwádìí tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ lọ́dọọdún sì wà lára ohun tó ń bá wa pa wọ́n.

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ eucalyptus láàárín wa, ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń jáde. Àwọn kan á ní, "Igi burúkú ni, ó ń fa omi ilẹ̀ gbẹ, kí wọ́n fòfin dè é." Àwọn kejì á ní, "Igi tó lágbára ni, kò síbi tí kò lè hù, gbìn ín kí o máa lọ." Ẹ wò ó dáadáa, àṣìṣe kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Igi tó ti dàgbà ni wọ́n ń wò. Kò sẹ́ni tó ń wo ọmọ oṣù mẹ́ta tó wà nínú ọ̀rá dúdú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbà fún àwọn àkọ́kọ́, nítorí òótọ́ wà lẹ́nu wọn. Eucalyptus tó dàgbà ń mu omi gan-an. Ní Mokobulaan, ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn onímọ̀ igbó gbin Eucalyptus grandis sí orí ilẹ̀ tó yí odò kékeré kan ká ní ọdún 1969, wọ́n sì ń wọn omi tó ń ṣàn jáde níbẹ̀. Nígbà tó di ọdún kẹsàn-án, odò náà gbẹ pátápátá. Wọ́n gé igi náà nígbà tó pé ọdún 16, síbẹ̀ ó tó ọdún márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ kí omi tó máa ṣàn bíi ti tẹ́lẹ̀. Òfin omi tí orílẹ̀-èdè náà ṣe ní 1998 ka oko igi ọlọ́jà mọ́ àwọn ohun tó ń dín omi odò kù, ẹni tó bá fẹ́ dá irú oko bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tọrọ àṣẹ. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí a má gbìn ín sí etí ìsun omi, èmi náà wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n báwo ni igi náà ṣe ń rí omi yẹn mu? Irú tí wọ́n gbìn káàkiri apá òkè Nàìjíríà ni Eucalyptus camaldulensis. Ní Ọsirélíà tó ti wá, etí odò ni wọ́n ti sábà máa ń bá a, kódà etí odò tó jẹ́ pé ìgbà òjò nìkan ló ń ṣàn. Òkè ilẹ̀ ibẹ̀ lè gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ṣùgbọ́n gbòǹgbò igi náà ti lọ jìnnà sísàlẹ̀, ó ti bá omi abẹ́ ilẹ̀. Ohun tí à ń pè ní agbára rẹ̀ lójú ọ̀dá, kì í ṣe pé ó mọ omi ṣọ́ lò. Ó mọ omi wá ni. Bí ẹ bá wá de igi tó mọ omi wá mọ́ inú ọ̀rá tí kò jìn ju ìbú ọwọ́ lọ, kí ló fẹ́ fi wá a?

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ọmọ igi kan láti ọjọ́ tí omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n ọn. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ dúró ni ìdàgbà. Sẹ́ẹ̀lì inú ewé tuntun nílò omi tó ń tì í látinú kó tó lè fẹ̀. Bí omi bá dín díẹ̀, ewé tó ń yọ á kéré. Ojú wa kò ní rí nǹkan kan nígbà náà, igi á ṣì tutù. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ilẹ̀ bá ń gbẹ mọ́ gbòǹgbò, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní abscisic acid á pọ̀ sí i nínú igi. Èròjà yìí ló máa ń mú kí àwọn ẹnu tíntìntín ara ewé, àwọn stomata, pa dé. Omi kò ní jáde bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu kan náà ni carbon dioxide ń gbà wọlé. Bí igi bá pa ẹnu yẹn dé, kò lè se oúnjẹ tó, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èyí tó ti fi pamọ́.

Bí ọ̀dá bá ń le sí i díẹ̀díẹ̀, ọmọ igi náà ní ọgbọ́n mìíràn. Ó lè kó ṣúgà, iyọ̀ àti proline jọ sínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kí omi má bàa sá kúrò níbẹ̀. Ó lè dín ewé yíyọ kù, kó máa fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí ìsàlẹ̀, tó fi jẹ́ pé gbòǹgbò rẹ̀ á pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bí a bá fi wé ewé. Ó lè jẹ́ kí ewé ìsàlẹ̀ tó ti gbó já bọ́, kí ibi tí omi ń gbà jáde lè dín. Gbogbo èyí ń gba àkókò. Ọ̀sẹ̀ ló ń gbà, kì í ṣe wákàtí.

Bí ọ̀dá bá dé lójijì ńkọ́? Igi kò ní ẹ̀rọ tó ń ti omi sókè. Ewé ló ń fa omi látòkè, bí ìgbà tí ọmọdé bá ń fi sítírọ́ọ̀ mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń gbẹ sí i ni fífà náà á máa le sí i, títí afẹ́fẹ́ á fi wọ inú àwọn òpó tín-ín-rín tí omi ń gbà nínú igi. Bí afẹ́fẹ́ bá ti wọ òpó kan, omi inú rẹ̀ já nìyẹn. Òmíràn á já, òmíràn á tún já. Bí èyí tó já bá ti pọ̀ jù, ẹ lè da odidi garawa omi sí ìdí igi náà, kò ní jí mọ́. Igi ńlá ní òpó púpọ̀, gbòǹgbò rẹ̀ sì ti wà níbi tí omi wà. Ọmọ oṣù mẹ́ta kò ní ìkankan nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sínú nọ́sìrì. Nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi, bàbá kan wà níbẹ̀ tó ti ń tọ́jú ọmọ igi kí wọ́n tó bí mi. Mo máa ń bomi rin igi mi láàárọ̀, mo tún ń bomi rin ín nírọ̀lẹ́, inú mi ń dùn pé wọ́n ń ga. Lọ́jọ́ kan, bàbá dúró tì mí, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta lò ń tọ́ wọn fún?"

Mo ní, "Oko la máa gbé wọn lọ, sà."

Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ lo máa máa ru omi tẹ̀ lé wọn lọ sóko, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Bàbá mú ọ̀kan nínú igi mi, wọ́n ya ọ̀rá rẹ̀, wọ́n sì fi gbòǹgbò rẹ̀ hàn mí. Ó ti lọ́ pọ̀ yíká ìdí ọ̀rá bí okùn tí wọ́n ká sínú igbá, kò sí èyí tó kọjú sísàlẹ̀ dáadáa. Wọ́n ní, "Orí rẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ rà á máa wò. Ìdí rẹ̀ ló máa pa á."

Lẹ́yìn náà, wọ́n mú mi lọ wo ìlà tiwọn. Wọ́n ti ń dín omi wọn kù láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó di ọjọ́ méjì síra, ó di ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n máa ń jẹ́ kí ewé fẹ́ rọ díẹ̀ lọ́sàn-án kí wọ́n tó fún un lómi. Wọ́n ti ká imọ̀ ọ̀pẹ tó ṣíji bò wọ́n kúrò, kí oòrùn lè máa pa wọ́n. Wọ́n sì máa ń gbé àwọn ọ̀rá náà kúrò lójú kan, kí gbòǹgbò tó bá ti yọ sínú ilẹ̀ lè gé. Igi bàbá kúrú ju tèmi lọ. Ewé wọn kéré, ó nípọn, ara igi wọn sì le. Ká sọ òótọ́, bí ó bá jẹ́ ọjà ni mo ti bá wọn, tèmi ni mo máa rà. Nígbà tí a kó ìlà méjèèjì síta tí a dá omi dúró, tèmi ló kọ́kọ́ dorí kodò.

A máa ń sọ pé kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọmọ ènìyàn la sábà máa ń fi òwe náà bá wí. Ó yẹ ká máa fi bá ara wa wí lórí ọ̀rọ̀ igi gan-an.

Ẹ má sì rò pé ọgbọ́n bàbá kan ṣoṣo ni mo ń gbé gẹ̀gẹ̀. Ní Brasil, tí oko eucalyptus rẹ̀ wà lára èyí tó tóbi jù láyé, iṣẹ́ yìí ní orúkọ tirẹ̀ nínú nọ́sìrì: rustificação. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn kí ọmọ igi tó lọ sóko, wọ́n á dín omi rẹ̀ kù, wọ́n á yí ajílẹ̀ rẹ̀ padà, wọ́n á sì gbé e sójú oòrùn gbangba. Bí òjò kò bá dájú lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbìn, wọ́n a máa po jẹ́ẹ̀lì tó ń gba omi sára sínú kòtò. Wọn kò ṣe é nítorí pé wọ́n fẹ́ràn igi jù wá lọ. Igi tó bá kú lóko, owó wọn ló kú, wọ́n gbọ́dọ̀ gbin òmíràn dípò rẹ̀. Àwa ńkọ́? Bí tiwa bá kú, ta ló ń dá owó padà?

Ẹ̀yin tí a jọ wà ní kíláàsì, ó wá kàn yín. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ń kó iṣẹ́ àṣekágbá àwọn tó ṣáájú wa sí, ẹ fa èyíkéyìí yọ lórí ọ̀dá àti ọmọ igi. Ìlànà kan náà lẹ máa bá. A gbin ọmọ igi sínú ọ̀rá, a pín wọn sí ìlà: ìlà tó ń mumi lójoojúmọ́, ìlà ọjọ́ mẹ́ta, ìlà ọ̀sẹ̀ kan. A wọn gíga, a ka ewé, a ṣe ANOVA, a sì fi gbólóhùn kan parí rẹ̀ pé irú igi yìí ń fara da ọ̀dá, pé a dámọ̀ràn rẹ̀ fún àwọn ibi tí òjò ti wọ́n. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé èmi náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ojú ń tì mí nísinsìnyí bí mo bá rántí.

Kí ló burú nínú gbólóhùn náà? Lákọ̀ọ́kọ́, erùpẹ̀ inú ọ̀rá kékeré máa ń gbẹ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ oko máa ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó gbẹ débẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n tí mo kà sílẹ̀ lókè, ṣúgà tó ń kó jọ, gbòǹgbò tó ń fi kún, kò sí àyè fún un láti lò wọ́n. Ìjáyà la dán wò, a wá pè é ní ọ̀dá. Èkejì, ọ̀rá ti dí gbòǹgbò lọ́nà. Igi tí gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ wà nínú gbòǹgbò tó ń lọ jìnnà, a so ó lẹ́sẹ̀, a wá ní kó sáré kí á lè mọ bó ṣe yára tó.

Ẹ̀kẹta ló burú jù. Gíga là ń wọn. Ẹ sì rántí pé ohun àkọ́kọ́ tí igi ọlọgbọ́n máa ṣe bí omi bá ń dín ni kó dáwọ́ gíga dúró. Igi tó ń ga nìṣó nínú ilẹ̀ tó ń gbẹ, tó ń la stomata rẹ̀ sílẹ̀, dà bí ẹni tí wọ́n ti dáwọ́ owó oṣù rẹ̀ dúró tó ṣì ń náwó bíi ti àtẹ̀yìnwá. Nínú tábìlì wa, òun ló máa gba ipò kìíní. Mélòó nínú wa ló fọ gbòǹgbò mọ́, tó gbẹ ẹ́, tó gbé e sórí òṣùwọ̀n? Mélòó ló tún bomi rin wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n ti rọ, láti mọ èyí tó máa jí? Gíga rọrùn láti wọn ni. Rúlà kan tó o.

Ohun mìíràn tún wà. "Eucalyptus" kì í ṣe igi kan. Ẹ̀yà rẹ̀ lé ní 700. Kódà camaldulensis nìkan yàtọ̀ síra wọn láti ibì kan sí ibòmíràn. Èyí tí irúgbìn rẹ̀ ti Petford wá, ní Queensland, ti mọ́ ooru àti òjò ìgbà ooru lára. Èyí tó ti Lake Albacutya wá, ní Victoria, òjò ìgbà òtútù ló mọ̀, àwọn ilẹ̀ etí òkun Mẹditaréníà ló sì bá lára mu. Láàárín àwọn ọdún 1960, àjọ FAO pín irúgbìn láti ọ̀kan-ò-jọ̀kan ibi bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láti dán wò, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Àwọn tó ṣáájú wa mọ̀ nígbà yẹn pé ibi tí irúgbìn ti wá ṣe pàtàkì. Lónìí, a máa kọ ọ́ sínú iṣẹ́ àṣekágbá pé a rà á ní nọ́sìrì, ó parí.

Ẹ lè ní, ìwé akẹ́kọ̀ọ́ lásán, ta ló ń kà á? Mo rí ẹni tó ń san gbèsè rẹ̀ nígbà tí mo lọ ṣe IT lápá òkè lọ́hùn-ún, ní abúlé kan tí òjò rẹ̀ kì í ju bí oṣù mẹ́rin lọ. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti yọ̀ǹda ẹ̀gbẹ́ oko jéró àti ọkà bàbà wọn fún ìlà igi tó máa dá atẹ́gùn dúró. Ọkọ̀ tó kó ọmọ igi dé nígbà tí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé ìwé owó ti pẹ́ jù lórí tábìlì ẹnì kan. Àwọn ọmọ igi náà ga, wọ́n tutù. Nígbà tí mo béèrè pé ṣé wọn kò ní fẹ́ ìtọ́jú, ọ̀gá kan ní, "Eucalyptus kẹ̀? Kò sí ohun tí ọ̀dá lè fi ṣe." A fi ọjọ́ méjì gbìn wọ́n, a ka iye wọn, a kọ ọ́ sínú ìjábọ̀, ìjábọ̀ lọ.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ikán ti ń jẹ ìdí èyí tó ṣẹ́kù. Ikán tètè máa ń mọ igi tí òǹgbẹ ti dá lágara. Bàbá tó ni ilẹ̀ náà pè wá, ẹnì kejì mi tó gbọ́ Hausa ló ń túmọ̀ fún mi. Bàbá náà kò bínú rárá. Ó ní, "Òjò ti lọ kí igi yín tó dé. Bó bá di àmọ́dún, màá gbin jéró mi síbẹ̀."

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ yẹn o. Kò ní igi náà burú. Ohun tó ń sọ ni pé òun ò ní fún wa nílẹ̀ mọ́. Bí ọmọ igi kan bá kú, a lè gbin òmíràn. Àgbẹ̀ tó bá ti gba ilẹ̀ rẹ̀ padà, ta ló máa lọ bẹ̀ ẹ́? Láti ọdún 2007 ni Ìṣọ̀kan Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀ ètò Great Green Wall, wọ́n fẹ́ tún ilẹ̀ tó tó mílíọ̀nù 100 hẹ́kítà ṣe kó tó di 2030. Ìpínlẹ̀ 11 ni ó kàn ní Nàìjíríà, láti Kebbi dé Borno. Gbogbo ètò ńlá yẹn, orí ìyọ̀ǹda irú bàbá bẹ́ẹ̀ ló dúró lé.

Kì í sì í ṣe àwa nìkan ni àrùn kíka igi lọ́jọ́ ìgbìn ń bá jà. Ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 2019, ìjọba Tọ́kì kó àwọn ènìyàn jáde, wọ́n ní àwọn gbin ọmọ igi tó tó mílíọ̀nù 11. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ igbó kan níbẹ̀ sọ pé nínú àwọn tí wọ́n lọ yẹ̀ wò, èyí tó kú tó ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún, pé àsìkò tí wọ́n gbìn ín kò dára, omi kò sì tó. Ìjọba ní kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ kíyè sí i: gbogbo ayé ló gbọ́ iye tí wọ́n gbìn. Iye tó yè ni wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lé lórí.

Mo ti ń gbọ́ èsì àwọn kan. Àwọn kan á ní ọmọ igi tí a fi ìyà tọ́ máa ń kúrú, kò ní wu oníbàárà. Ṣùgbọ́n ta ni oníbàárà náà? Àwa ni. Ẹgbẹ́ yín, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa, ìjọba ìbílẹ̀. Bí a bá yéé béèrè fún igi gíga, nọ́sìrì á yéé tọ́ igi gíga. Àwọn mìíràn á ní kí a fi eucalyptus sílẹ̀, kí a gbin àyìn, apá àti ìrókò tó jẹ́ tiwa. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fara mọ́ ọn, ibi tó bá yẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀rá kan náà, omi àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ kan náà, ìparí oṣù kẹsàn-án kan náà, ìrókò á kú bí eucalyptus ṣe kú. Yíyí orúkọ igi padà kọ́ ló máa wo àìsàn yìí.

Àwọn kẹta á ní owó ò sí fún ìtọ́jú. Owó tí-ṣáàtì wà. Owó ìrẹsì wà. Owó pátákó wà.

Nǹkan mẹ́rin ni mo ń béèrè.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má kọ gbólóhùn yẹn mọ́ bí ẹ kò bá wọn gbòǹgbò, bí ẹ kò bá dín omi kù díẹ̀díẹ̀, bí ẹ kò bá sì tún bomi rin wọ́n láti mọ èyí tó máa jí. Ẹ kọ ibi tí irúgbìn yín ti wá. Bí ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ yín bá ní gíga nìkan tó, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin tó ń ra ọmọ igi, ẹ béèrè lọ́wọ́ onínọ́sìrì ọ̀sẹ̀ mélòó tó ti fi ń dín omi wọn kù. Bí kò bá yé e, ẹ má rà á. Ẹ ní kó ya ọ̀rá kan kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Ọ̀rá kan ṣoṣo kò ní kó o sí gbèsè.

Ẹ̀yin tó ń yan ọjọ́, ẹ jẹ́ kí òjò yan án fún yín. Lọ́dọ̀ wa níbí, kí ó jẹ́ ìgbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, kí igi lè fi ọ̀pọ̀ oṣù ta gbòǹgbò sísàlẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Lápá òkè, kí ó jẹ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí òjò bá ti dúró sójú kan, nítorí kò ní pẹ́ lọ. Kí ẹ sì san owó fún ẹni tó máa ro ìdí rẹ̀. Ọmọ eucalyptus kò lè bá koríko du omi, koríko ló máa borí.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, ẹ pín owó yín sí méjì. Ìdajì fún ìgbìn, ìdajì fún ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ àti èkejì: ẹni tó máa roko, ẹni tó máa gbé omi lọ bí ọ̀dá bá le jù, ẹni tó máa kà á. Bí owó tó wà kò bá tó fún igi ẹgbẹ̀rún lọ́nà yìí, ẹ gbin ọgọ́rùn-ún.

Ní ti pátákó tuntun yẹn, ẹ sọ fún ẹni tó ń kọ ọ́ kó kọ orúkọ ẹgbẹ́ yín àti ọdún tí ẹ jáde, kó fi àyè iye igi sílẹ̀ lófìfo. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn kejì, ẹ wá, a ó jọ rìn yí ibẹ̀ ká, a ó jọ kà wọ́n, ẹ ó sì kọ iye tó bá yè síbẹ̀. Bó bá jẹ́ mẹ́wàá ló yè, ẹ kọ mẹ́wàá. A ó pàtẹ́wọ́ fún mẹ́wàá.